Ẹyin Warak ti Mbah Ngatirah

Kò sí ẹni tó lè wọ ilé Mbah Ngatirah, ìyá àgbà àdúgbò wa, láìtẹrí ba. Ì báà jẹ́ lèmọ́ọ̀mù, ì báà jẹ́ olórí àdúgbò, ì báà jẹ́ ọkùnrin tó máa ń wá wo mítà iná, gbogbo wọn ló ń tẹ̀ ba lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí ọba. Kì í ṣe pé wọ́n kọ́ ilé náà kúrú. Ní Melatiran, àdúgbò wa lẹ́bàá odò ìlú Semarang, omi òkun máa ń wọlé tọ ènìyàn wá, ilẹ̀ pàápàá sì ń rì díẹ̀díẹ̀. Tí omi bá ti borí ilẹ̀ inú ilé, onílé á da iyanrìn àti òkúta sí i, á fi sìmẹ́ńtì bò ó, ilẹ̀ á ga sí i. Ṣùgbọ́n òrùlé kì í bá ilẹ̀ ga. Ilé Mbah Ngatirah ti gba iyanrìn léraléra láti ìgbà tó ti di ìyàwó ilé, débi pé fèrèsé rẹ̀ ti wá di ti orúnkún, ọwọ́ ènìyàn sì ń kan àjà láìnàgà.

Bí a bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Ilé mi ló ń kọ́ yín."

Obìnrin kékeré ni, ó gbẹ bí igi ìdáná, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ máa ń dé òdìkejì odò. Alárù ni bàbá rẹ̀ ní èbúté, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ṣì ń gba inú odò wa kọjá wọ àárín ìlú. Ó fẹ́ Kusnadi, ọkùnrin tó ń fi epo sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Tawang. Bàbá mi mọ Kusnadi dáadáa. Ó ní ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ́ ní gbogbo ọdún, àfi ní oṣù tó ṣáájú ààwẹ̀, nítorí pé nínú oṣù yẹn ó ń ṣe warak, bébà aláwọ̀ kò sì fẹ́ ọwọ́ tó ní epo.

Warak ni ẹranko wa. Kò sí nínú igbó kankan. Ọparun ni egungun rẹ̀, bébà aláràbarà tí a gé wẹ́wẹ́ tí a sì ká lẹ́nu ni irun rẹ̀. Ó ní orí dírágónì bíi ti àwọn ará Ṣáínà, ara ràkúnmí bíi ti àwọn Lárúbáwá, àti ẹsẹ̀ ewúrẹ́ bíi ti àwa ará Jáfà, nítorí pé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ń gbé ìlú yìí láti ayé àwọn baba ńlá wa. Tacik Lan, ẹni tó ń ta bébà fún wa, kì í gbàgbé láti sọ ọ́ lọ́dọọdún pé orí ni ti àwọn ènìyàn tòun.

Mbah á dáhùn pé, "A ti gbọ́. Orí tí kò bá lẹ́sẹ̀, ibo ló fẹ́ rìn dé?"

Gbogbo ìlà ara warak ló tọ́ gbọọrọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́, ọrùn rẹ̀ tọ́, ẹnu rẹ̀ tó là sílẹ̀ náà dà bí àpótí tí wọ́n ṣí. Àwọn àgbà ní bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ará Semarang ṣe gbọ́dọ̀ tọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó mú warak jẹ́ warak ni ẹyin rẹ̀. Ní ọjọ́ Dugderan, nígbà tí ààwẹ̀ bá ku ọ̀la, àdúgbò kọ̀ọ̀kan á gbé tirẹ̀ lọ sí mọ́sálásí ńlá, ẹyin á sì wà nínú ìtẹ́ kékeré kan láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Warak tí kò yé, ewúrẹ́ lásán ni.

Kusnadi ń ṣe warak, Mbah ń ṣe ẹyin. Nígbà tí Kusnadi kú, bàbá mi àti àwọn ọkùnrin yòókù gba iṣẹ́ ọparun náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹyin. Mbah ń sin pẹ́pẹ́yẹ, àwọn nìkan ṣoṣo ni inú wọn ń dùn ní Melatiran tí omi bá dé. Ó máa ń po amọ̀ mọ́ eérú àti iyọ̀, á fi bo ẹyin wọn, á tò wọ́n sínú ìkòkò títí iyọ̀ á fi wọ inú wọn. Lẹ́yìn náà á sè wọ́n. Èyí tó bá dára jù lọ, tí èèpo rẹ̀ bá mọ́ bí ojú ọ̀run ní òwúrọ̀, ni ti warak. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló sì ń gbé e sínú ìtẹ́, lábẹ́ igi àjàgbọn tó wà ní ẹnu ọ̀nà àdúgbò, kí warak tó jáde. Àwọn yòókù jẹ́ ti àwa ọmọdé. Ọmọ tó bá gba ààwẹ̀ ọjọ́ kìíní parí, ilé Mbah ló ń lọ lẹ́yìn mọ̀gàríbì láti gba ẹyin. Mo rò pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ì bá ti jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bí kì í bá ṣe ti ẹyin yẹn.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Mbah bí, orúkọ rẹ̀ ni Wahyono. Ó ń gbé ní Òkè, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù, tí òkun kò lè dé àfi tí ayé bá fẹ́ parẹ́. Ó ń tún fíríìjì ṣe. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ga, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kó sùn.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, àwọn ọkùnrin ń la ọparun lójú àgbàlá, àwọn obìnrin ń gé bébà, èmi náà sì wà níbẹ̀ tí mò ń ká irun warak lẹ́nu. Wahyono dé. Ó rí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ tí wọ́n sá sórí ògiri, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Ó rí pẹ́pẹ́yẹ kan tó sùn sórí àga ìyá rẹ̀.

"Màmá, ṣé orí tábìlì lẹ tún sùn lánàá?"

"Tábìlì yẹn fẹ̀. Bàbá rẹ ló kàn án."

"Mi ò béèrè ẹni tó kàn án."

"Ṣùgbọ́n ó fẹ̀."

Àwọn ọkùnrin fi ọwọ́ bo ẹnu. Wahyono jókòó sórí òkìtì ọparun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sí Òkè. Yàrá yín wà nílẹ̀. Ìyàwó mi ti tẹ́ ibùsùn yín láti èṣí."

"Kí ni kí n máa ṣe ní Òkè? Kí n máa ka ìkùukùu?"

"Kẹ́ ẹ máa sùn sórí ibùsùn gbígbẹ!"

Ọ̀bẹ tó ń la ọparun dúró. A kò gbọ́ kí Wahyono pariwo rí. Tacik Lan, tó gbé bébà wá fún wa, fi ìgúnpá gún Mbah lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìyá, ọmọ yìí ń sunkún o. Ó kàn ń fi ariwo bò ó ni."

Mbah wo ọmọ rẹ̀. Ó wo egungun warak tó dúró láàárín àgbàlá láìtíì ní awọ. Lẹ́yìn náà ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó sì dìde.

"Ó dáa. Gbogbo yín, ẹ gbọ́. Lọ́jọ́ tí warak Melatiran bá jáde lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò yìí láìní ẹyin, mo máa kó ẹrù mi, màá bá Wahyono lọ sí Òkè. Òun ló sì máa sọ ìgbà tí mo máa padà. Tí kò bá sọ ọ́, mi ò ní padà."

Ẹ̀rín bú jáde, nítorí pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà Kusnadi. Wahyono nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹyin lohùn o. Tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́."

"Ta lò ń sọ fún? Ṣé kì í ṣe èmi ni mò ń ṣe ẹyin ní àdúgbò yìí ni?"

Láti ọjọ́ yẹn lọ, gbogbo ìgbà tí Wahyono bá wá, ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ ló fi ń kí ìyá rẹ̀. Ṣé ara wọn le? Ṣé wọn kò ronú àtidáṣẹ́ sílẹ̀? Mbah á ní kó lọ bi wọ́n fúnra rẹ̀, nítorí pé òun rí i pé ohùn rẹ̀ àti tiwọn jọra. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé kì í rọrùn fún Wahyono láti lọ tí ilẹ̀ bá ṣú. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á tẹrí ba bí ẹni tó fẹ́ wọlé padà, á wo ilẹ̀ bóyá omi ti ń bọ̀.

Ọjọ́ Dugderan pé. Warak wa ga tó ẹfọ̀n, pupa ni irun ọrùn rẹ̀, àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ ewé wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, Tacik Lan sì ti fi dígí kékeré ṣe ojú fún un, débi pé tí oòrùn bá kàn án, ó ń ṣẹ́jú sí ènìyàn. Gbogbo ọkùnrin tí wọ́n bí sí Melatiran ló padà wá gbé e, títí kan àwọn tó ti kó lọ sí Òkè. Wahyono wà ní ọ̀pá ẹ̀yìn. Mbah ti di ìrẹsì fún un nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́, Wahyono sì so ó mọ́ ìbàdí bí ọmọ ilé ìwé tòótọ́. Ẹyin warak wà nínú bàsíà kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà Mbah, orí koríko gbígbẹ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, ó ń dán.

Omi ni a kò retí. Ó yẹ kó dé ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n oòrùn ṣì wà láàárín orí nígbà tó gba inú gọ́tà yọ sókè. Ó bo ẹsẹ̀ wa. Kí a tó mọ̀, ó ti dé agbedeméjì ojúgun.

"Ẹsẹ̀ warak!" bàbá mi ké. "Bébà ni o! Ẹ gbé e! Ẹ gbé e sókè!"

Wahyono sáré wọlé, ó gbé ìyá rẹ̀ bí ẹni gbé ìrọ̀rí, ó gbé e ka orí tábìlì. "Màmá, ẹ má sọ̀ kalẹ̀. Màá padà wá pọ̀n yín lọ sí ẹnu ọ̀nà àdúgbò." Ó yí sí mi. "Wening, jọ̀ọ́, dúró tì wọ́n."

Ṣùgbọ́n nígbà tó fi dé ìta, omi ti ń ga, wọ́n sì ti gbé ọ̀pá lé èjìká. Ọ̀pá ẹ̀yìn ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ki èjìká bọ̀ ọ́. Gbogbo wọn fi eré gba abẹ́ igi àjàgbọn kọjá, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, warak ń ṣẹ́jú lókè orí wọn. Kò sí ẹni tó wo ìtẹ́. Kí ni wọ́n fẹ́ wò? Kò sí ẹlòmíràn tó ń fọwọ́ kan ẹyin, nítorí náà kò sí ẹni tó ń ronú nípa rẹ̀. Wọ́n rò pé nígbà tí Mbah kò lè dé ẹnu ọ̀nà àdúgbò, ó ti gbé e sí i nínú àgbàlá.

Mbah náà jókòó sórí tábìlì, ó ń mi ẹsẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà, kò rí bàsíà níbẹ̀ mọ́. Inú rẹ̀ dùn.

"Wọ́n ti mú un. Wọ́n gbọ́n. Kusnadi ì bá ti gbàgbé."

A ń gbọ́ ìlù láti ọ̀nà jíjìn. Mo ń rò ó pé kí n bi í bóyá ebi ń pa á. Bẹ́ẹ̀ ni ohun kan yọ láti abẹ́ ibùsùn rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ọkọ̀ ojú omi tó ń wọ èbúté. Bàsíà ni. Ẹyin wà nínú rẹ̀ lórí koríko, ó ń dán. Pẹ́pẹ́yẹ kan ń lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Ó kọjá níwájú wa. Ó yí po lẹ́ẹ̀kan. Ó lọ kan ẹsẹ̀ tábìlì.

Mbah tẹ̀ síwájú lórí tábìlì, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó sọ jẹ́jẹ́ pé, "Wening, ṣé ohun tí mò ń rí nìwọ náà ń rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mbah."

Ó bẹ́ sínú omi. Mi ò mọ̀ pé ènìyàn tó ti dàgbà bẹ́ẹ̀ lè bẹ́. Ó gbé ẹyin, ó fi ìborí rẹ̀ wé e, a sì wọ́ ẹsẹ̀ nínú omi dé ojú pópó, níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀. Tacik Lan ń ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó lè lọ wòran. Alùpùpù rẹ̀ ti ń dún.

"Ìyá, kí lẹ ń wá níbí? Warak yín ti lọ tipẹ́!"

"Ẹyin rẹ̀ rèé!"

Tacik Lan la ẹnu bíi ti warak. "Yéè! Òkè ti pè yín."

"Òkè kò tíì pè mí! Gbé mi lọ!"

Àwa mẹ́ta la gun alùpùpù náà. Tacik Lan ni iwájú, Mbah ní àárín pẹ̀lú ẹyin láyà, èmi ní ẹ̀yìn tí mo di àwọn méjèèjì mú. A gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ilé ńlá tí àwọn Òyìnbó Dọ́ọ̀ṣì kọ́ sílẹ̀, a gba iwájú ibùdókọ̀ tí Kusnadi ti ṣiṣẹ́. Mbah ń pariwo sí gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n yà lọ́nà, ẹyin ń kọjá. Ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n ń yà. Ọkùnrin kan tó ń ta lumpia, ìpápánu díndín, fa agbọ́n rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì bi wá pé ṣé ẹyin wúrà ni.

"Ó ju wúrà lọ!" ni Mbah dá a lóhùn. "Ilé mi ni!"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní iwájú, bàbá mi ló sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé mọ́sálásí ńlá. Èrò pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, warak àwọn àdúgbò mìíràn wà níwájú àti lẹ́yìn. Àwọn ọmọdé kan kọ́kọ́ tẹ̀ ba láti wo abẹ́ tiwa, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ọ̀kan ní, "Ẹyin dà?" Èkejì ní, "Kò yé!" Bí iná ọyẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ràn.

"Ẹ̀yin Melatiran, ẹyin yín dà?"

"Akọ lẹ gbé wá ni?"

"Ẹ máa gbé ewúrẹ́ yín padà sílé, ẹ̀yin èèyàn wa!"

Wọ́n sọ warak kalẹ̀. Bàbá mi tẹ̀ wo ìtẹ́. Òfìfo ni. Ó ní ara òun tutù, kì í ṣe nítorí ẹlẹ́yà, bí kò ṣe nítorí pé ọ̀rọ̀ tí Mbah sọ lójú àgbàlá ló wá sọ́kàn gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ojú lọ sára Wahyono. Kò sí ohun tó kù fún un láti ṣe. Ó kàn lè dákẹ́ ni, kí ó gbé ọ̀pá, kí ó máa rìn. Ìyá rẹ̀ á sùn lórí ibùsùn gbígbẹ ní ọ̀la.

Wahyono dúró. Ọmọbìnrin kékeré kan láti àdúgbò wa, tí wọ́n gbé sí èjìká bàbá rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Warak wa ò yé," ló ń sọ, "warak wa ò yé."

Bàbá mi ní Wahyono tú ohun tó so mọ́ ìbàdí. Ó ṣí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹyin pẹ́pẹ́yẹ oníyọ̀ wà lórí ìrẹsì náà, odindi nínú èèpo rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti ń fi í síbẹ̀ láti kékeré rẹ̀. Ó nù ún mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó kúnlẹ̀, ó sì gbé e sínú ìtẹ́.

"Ó ti yé," ni ó sọ. "Ẹ gbé e."

Ìgbà náà gan-an ni ohùn Mbah dé, kí òun fúnra rẹ̀ tó dé.

"Ẹ dúró! Ẹyin rèé o! Ẹ dá a dúró!"

Èrò là fún un. Ó rìn gba àárín wọn, ìró rẹ̀ ń kán omi, ó gbé ẹyin sókè bí àtùpà.

Bàbá mi ní, "Mbah, ó ti yé."

"Ta ló yé e?"

"Wahyono ni."

Ẹ̀rín sọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, àwọn tó wà níwájú ń sọ pé ọkùnrin gíga yẹn ló yé ẹyin, ẹ̀rín á tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹnì kan ké bíi pẹ́pẹ́yẹ. Ẹnì kan ní kí wọ́n fún un ní koríko kó lè sàba. Wahyono bo ojú rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Mbah kúnlẹ̀, ó wo ẹyin tó wà nínú ìtẹ́, ó mọ̀ ọ́n. Ó gbé tirẹ̀ tì í.

"Ìbejì!" ni Tacik Lan ké láti orí alùpùpù. "Warak Melatiran bí ìbejì!"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọ iwájú mọ́sálásí. Olórí ìlú ka ìkéde pé ààwẹ̀ ti dé, wọ́n lu ìlù ńlá mọ́sálásí, ìbọn ńlá dún, àwọn ẹyẹlé fò lórí òrùlé. Wọ́n pín búrẹ́dì dúdú líle tí mọ́sálásí máa ń pín, a sì jókòó sórí àtẹ̀gùn, a ń jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni ìyá àti ọmọ ti ń jà. Ìjà tí mi ò rí irú rẹ̀ rí ni.

"Màá kó ẹrù mi lọ́la," ni Mbah sọ.

"Ẹrù wo? Màmá, ẹ ti borí. Ẹyin wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà tó dé ibí."

"Ṣé ibí ni mo sọ? Ẹnu ọ̀nà àdúgbò ni mo sọ. Warak gba abẹ́ igi àjàgbọn láìní ẹyin. Ẹ̀rí wà."

"Omi ló fà á!"

"Mi ò sọ pé àfi tí omi bá wá. Ọmọ Semarang ni mí, ọ̀rọ̀ mi kì í wọ́."

Wahyono yí sí bàbá mi. "Ẹ̀gbọ́n Darsono, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Láti èṣí ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá. Ní báyìí mò ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má wá. Ṣé orí mi pé?"

Bàbá mi fi búrẹ́dì dí ẹnu. "Èmi ò sí níbẹ̀ o. Pẹ́pẹ́yẹ àti ìyá rẹ̀ ló ń jà."

Ní ọjọ́ kejì, Mbah lọ lóòótọ́. Ó di aṣọ rẹ̀, ó gbé ìkòkò ẹyin, ó kó pẹ́pẹ́yẹ sínú àgò, Wahyono sì wakọ̀ bí ẹni tó ń gbé òkú. A dúró lábẹ́ igi àjàgbọn. Mbah nìkan ló ń sọ̀rọ̀, ó ń pàṣẹ bí wọ́n ṣe máa tọ́jú warak kí eku má bàa jẹ etí rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọjọ́ kìíní ààwẹ̀. Ní ọ̀sán, àwọn ọmọ kékeré wá jókòó sí iwájú ilé rẹ̀ tí wọ́n ti tì. Ebi ń pa wọ́n, oòrùn sì mú. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin tó sunkún lórí èjìká bàbá rẹ̀ béèrè pé, "Tí a bá parí ààwẹ̀, níbo la ti máa gba ẹyin?"

Bàbá mi wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń fi ọkọ̀ kó ẹja láti èbúté.

Gbogbo ọmọ Melatiran tó gba ààwẹ̀ ló wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹja náà, àti àwọn kan tí mo mọ̀ dájú pé wọn kò gbà á. Ọkọ̀ náà ń gòkè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Afẹ́fẹ́ tutù. Bí mo ṣe bojú wẹ̀yìn, mo rí ìlú wa nísàlẹ̀, òrùlé pupa, odò, àti òkun tó ń dán lẹ́bàá rẹ̀ bí ẹni pé kò ṣe ohunkóhun fún wa rí.

Mbah ti dúró lẹ́nu géètì Wahyono. Ìkòkò ẹyin wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Rukmini, ìyàwó Wahyono, sọ fún wa pé láti ìdí ìrun alaásárì ló ti wà níbẹ̀, tó ń wo ojú ọ̀nà, kò sì fẹ́ jókòó.

"Ẹ pẹ́," ni Mbah sọ fún wa. Ohùn rẹ̀ kò dé òdìkejì odò kankan. Ó nu imú.

Ladání pe ìrun, a ṣínu. Ẹyin kún ọwọ́ wa, iyọ̀ rẹ̀ mú, inú rẹ̀ pupa bí oòrùn tó ń wọ̀, òróró rẹ̀ ń ṣàn sí wa lọ́wọ́. Ilé Rukmini mọ́ tẹ́lẹ̀. Láàárín àkókò díẹ̀, ẹsẹ̀ ti kún orí kápẹ́ẹ̀tì, èèpo ẹyin wà lórí tẹlifíṣọ̀n, pẹ́pẹ́yẹ ti jáde nínú àgò ó sì ń jẹ òdòdó aládùúgbò, gbogbo àwọn ọmọdé sì ń ké bíi pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n bá ti rí Wahyono. Rukmini jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Ọkọ mi," ni ó sọ, "ìyá yín nìkan lẹ ní ẹ ń mú bọ̀. Ẹ kò sọ fún mi pé gbogbo Melatiran ni."

Wahyono jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

"Màmá, èmi ni mo máa sọ ìgbà tí ẹ máa padà, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ la ṣe wí i."

"Ẹ máa padà lọ́jọ́ tí mo bá parí òrùlé. Màá tú u palẹ̀, màá gbé ògiri sókè, màá sì tún da iyanrìn sí ilẹ̀ dáadáa. Omi á wá, kò ní bá ibùsùn yín. Ẹ̀gbọ́n Darsono, ṣé ẹ máa bá mi ṣe é?"

"Lẹ́yìn ààwẹ̀," ni bàbá mi wí, "gbogbo wa."

Mbah bó ẹyin kan. Ó pín in sí méjì, ó fún ọmọ rẹ̀ ní èyí tí pupa rẹ̀ pọ̀ jù.

"Ṣé wàá gbé fèrèsé náà sókè?"

"Màá gbé e sókè."

"Àjà ńkọ́?"

"Ẹ ò ní lè fọwọ́ kàn án mọ́."

"Ó dáa. Ẹnu ọ̀nà, fi í sílẹ̀ bó ṣe wà."

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu, wọ́n parí ilé náà. Ó ga, afẹ́fẹ́ ń wọlé, tábìlì Kusnadi sì ti padà di tábìlì oúnjẹ. Ní ọjọ́ tí Mbah kó padà, lèmọ́ọ̀mù wá ṣe àdúà, ó tẹrí ba lẹ́nu ọ̀nà. Olórí àdúgbò tẹrí ba. Tacik Lan tẹrí ba, ó ní orí òun ṣe pàtàkì. Wahyono gbé àpótí ìyá rẹ̀ dání, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbàgbé. A gbọ́ bí iwájú orí rẹ̀ ṣe kan igi ẹnu ọ̀nà. Gbogbo àwọn ọmọ Melatiran sì ké bíi pẹ́pẹ́yẹ.